Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Gìtá Tí Àwọn Ọlọ́kọ̀ Hot Rod Tún Rọ Fún Mi

Gìtá tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ kó sì rà. Stratocaster ni, gìtá oníná kan, ilé iṣẹ́ Fender ló ṣe igi ara rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ ní ọdún 1976 tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó kù, láti orí wáyà inú rẹ̀ títí dé ọ̀dà tó bò ó lára, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní gúúsù Kalifọ́níà ló tún un ṣe. Ọkùnrin méjì ló ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ń to ọkọ̀ hot rod ní ọwọ́ iwájú, wọ́n sì ń tún gìtá rọ ní yàrá ẹ̀yìn. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa iṣẹ́ wọn, n kò sì fẹ́ kí àgbéyẹ̀wò di ìbanilórúkọjẹ́. Ní tèmi, iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mo ń ṣe jẹun ní ìlú Pomona láti ọdún 19 sẹ́yìn, mo sì ń ta gìtá kejì nínú ẹgbẹ́ jùjú kan tí àwa ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní agbègbè náà. Ojú oníṣẹ́ ọ̀dà àti etí onígìtá ni mo fi yẹ ohun tí mo gbà wò, bí ojú bá sì le ju etí lọ nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ fi jì mí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbé gìtá lọ fún àwọn tó ń to ọkọ̀. Hot rod ni ọkọ̀ ògbólógbòó tí ẹni tó ni ín ti yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀, tó ti gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù sínú rẹ̀, tó sì ti gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Ford ọdún 1932 ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí òun ni ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú àkọ́kọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì V8, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 65. Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù Kalifọ́níà ń gbé e lọ sáré lórí àwọn adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage, ní 1937 sì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀ láti máa ṣètò eré náà. Ní ọdún 1938, ní Fullerton, tí kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí ilé mi bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá fàyè gbà, Leo Fender ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe. Gìtá tó gbé jáde ní 1950, tó wá di Telecaster ní 1951, àti Stratocaster tó tẹ̀lé e ní 1954, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi àtè lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ara bíi fáólìnì. Sukúrú mẹ́rin ni wọ́n fi dè é. Bí ọrùn bá bàjẹ́, ènìyàn á tú u, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyẹn ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì Ford tí wọ́n sì ń gbé ti Cadillac sí àyè rẹ̀. Èmi gbà pé sukúrú mẹ́rin yìí ló so ìfẹ́ ọkọ̀ àti ìfẹ́ gìtá pọ̀ ju ohùn orin lọ: ohun tó bá ṣeé tú ni ọmọ Ògún máa ń tú.

Ọ̀dà ni ìdè kejì. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọ̀ tó yàtọ̀, Fender kò po ọ̀dà tirẹ̀, ọ̀dà ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà DuPont ń tà ló rà. Fiesta Red wá láti ara Ford Thunderbird ọdún 1956, Surf Green láti ara Chevrolet ọdún 1957, Lake Placid Blue sì wá láti ara Cadillac ọdún 1958. Ìdá 5 nínú 100 iye gìtá ni oníbàárà ń fi kún owó rẹ̀ kó tó gba irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Gibson náà, ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọ̀dọ̀ Ray Dietrich tó fi ayé rẹ̀ ya àwòrán ọkọ̀ ni wọ́n lọ nígbà tí wọ́n ń wá gìtá tí yóò bá ti Fender figagbága, ohun tó sì yà fún wọn ni Firebird ọdún 1963. Billy Gibbons ti ẹgbẹ́ ZZ Top máa ń sọ pé owó ọkọ̀ Packard ògbólógbòó kan tí wọ́n sọ ní Pearly Gates ni òun fi ra gìtá Les Paul ọdún 1959 òun, ìdí sì nìyẹn tí gìtá náà fi jogún orúkọ ọkọ̀. Jeff Beck, onígìtá ọmọ Ìlú Ọba tó kú ní oṣù kìíní ọdún 2023, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to hot rod nílé rẹ̀ ní Ìlú Ọba, gìtá Fender Esquire ọdún 1954 tó sì fi lókìkí nínú ẹgbẹ́ Yardbirds jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín ṣáájú rẹ̀ ti fá etí igi rẹ̀ kó lè bá ikùn àti apá mu.

Ọjà ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n máa ń ná ní Fairplex ní Pomona ni mo ti rí tèmi, ní ọjọ́ Àìkú kan kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọkùnrin kan tó ń ta kabúrétọ̀ ló fi gìtá náà sí abẹ́ tábìlì rẹ̀, láìsí okùn kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi agolo fọ́n ló bò ó, ẹnì kan sì ti gbẹ́ ihò ńlá méjì sí àyà rẹ̀ láti fi gba pickup, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gba ohùn okùn, irú èyí tí kò sí lára Stratocaster tẹ́lẹ̀. Mo tú abala ike iwájú rẹ̀, mo sì wo ẹ̀yìn àwọn bọ́tìnnì ohùn tó ṣẹ́kù síbẹ̀. Nọ́ńbà 1377622 ni mo rí: 137 dúró fún ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe bọ́tìnnì náà, 76 dúró fún ọdún, 22 sì dúró fún ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí gìtá báyìí pé bọ́tìnnì kò lè sọ ju pé wọn kò ṣe gìtá náà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Fender kó bọ́tìnnì rẹpẹtẹ pamọ́ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó títí di 1969. Sukúrú mẹ́ta tó de ọrùn, dípò mẹ́rin, jẹ́rìí sí i pé ìgbà tí CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ni ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe é, nítorí CBS ló rà á ní oṣù kìíní ọdún 1965, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó gìtá jọ kò sì ka ti àkókò yẹn sí tó ti ìṣáájú. Mo san 850 dọ́là.

Ẹni tó bá fẹ́ràn gìtá ojúlówó lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi wá ọ̀nà láti dá a padà sí bó ṣe wà. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ara tí wọ́n ti gbẹ́, tí wọ́n ti fọ́n ní ọ̀dà agolo, tí pickup rẹ̀ sì ti sọnù, kò sí owó tí ènìyàn lè ná sí i tí yóò padà di ojúlówó, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni kí ó di ohun tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlànà yìí ni àwọn onílé iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé, òun sì ni mo fi gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, oníbàárà kan gbé Stratocaster ọdún 1963 wá, tí kò sí ohun kan tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lára rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò sí i. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ ra ara igi tuntun wá. Mo ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọn ì bá ti gba owó náà.

Ọ̀rọ̀ iná inú rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn jù. Wọ́n fi igi dí ihò àárín, wọ́n fi humbucker kan sí ẹ̀gbẹ́ afárá okùn, wọ́n sì fi pickup oníwáyà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn kó mọ̀ pé pickup jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀, iná kékeré á jáde láti inú wáyà náà. Wáyà kan ṣoṣo máa ń gba ìkùnsínú iná mànàmáná ilé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n humbucker ní wáyà méjì tí wọ́n wé lọ́nà tó fi jẹ́ pé ìkùnsínú èkínní á pa ti èkejì. Seth Lover ló ṣe é fún Gibson ní ọdún 1955, ní 1957 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára gìtá wọn. Gbígbé irú rẹ̀ sínú gìtá oní-irú Stratocaster ló sọ Eddie Van Halen ti Pasadena di àwòkọ́ṣe fún àwọn tó ń tún gìtá rọ: ara igi 50 dọ́là, ọrùn 80 dọ́là, pickup tó yọ lára Gibson, àti bọ́tìnnì ohùn kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo náà ni mo ní kí wọ́n fi sí tèmi, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ eré ṣe máa ń ní aago díẹ̀ níwájú awakọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tú u wò, nítorí ó ti mọ́ mi lára láti máa wo ẹ̀yìn iṣẹ́ kí n tó wo ojú rẹ̀. Wọ́n ti fi páálí bàbà bo gbogbo inú ihò náà, wọ́n ti fi okùn alátè de àwọn wáyà pọ̀ létòlétò, gbogbo ibi tí wọ́n sì ti fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ ń dán bí ojú dígí. Mítà mi fi 8.3 kilo-ohm hàn fún humbucker, ó fi 6.1 hàn fún èyí tó wà ní ọrùn, iye tó bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí owó mu. Àléébù kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀: bí mo bá dín ohùn kù, ohùn òkè á kú pátápátá, gìtá á wá dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ń ta jùjú, èyí kò ṣeé fara mọ́, nítorí iṣẹ́ gìtá kejì ni láti máa pe ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà láìdákẹ́ lábẹ́ ohùn akọrin àti gángan, kí ó mọ́ gaara, kí ó má sì pariwo. Mo gbé e padà, wọ́n fi kapásítọ̀ kékeré kan sí ara bọ́tìnnì náà lójú mi, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ti kọjá ohun tí mo retí. Èyí tó wà ní ọrùn ni mo ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ òde títí di ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún àwọn olórin. Bí onígìtá àgbà bá ti wá ní kí n gba iwájú, mo máa ń yí i sí humbucker, ohùn náà á sì nípọn lójijì láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí mo ń lò pẹ̀lú rẹ̀ ni Hot Rod Deluxe tí Fender bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1996, oní 40 watt tó ní ẹ̀rọ ohùn inch 12 kan, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn mu dáadáa níwọ̀n ìgbà tí n kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lọ sókè ju bó ṣe yẹ nínú gbọ̀ngàn kékeré.

Mo wá dé orí ọ̀dà, ẹjọ́ mi sì pọ̀ níbẹ̀. Candy apple red ni mo yàn, àwọ̀ tó ti ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ jáde kí Fender tó mú un lò ní 1963. Kì í ṣe ọ̀dà pupa lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́n ọ̀dà fàdákà tàbí wúrà bí ìpìlẹ̀, wọ́n á wá fọ́n pupa tó mọ́lẹ̀ kedere bí omi zobo lé e lórí, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú pupa wọlé, kó kan fàdákà, kó sì padà jáde. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ìfọ́nsí tó bá gun orí ara wọn ló ń mú kí pupa náà ṣókùnkùn sí i, bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá sì falẹ̀ ní ibì kan, àpá á wà níbẹ̀ títí ayé. Ní iwájú gìtá mi, iṣẹ́ náà dára débi pé mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó. Ní ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n gbẹ́ wọlé fún ikùn, mo rí ìlà dúdú méjì níbi tí ìfọ́nsí ti gun orí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ní etí ìwo òkè, ìwé iyanrìn ti jẹ ọ̀dà kọjá títí tó fi kan fàdákà ìpìlẹ̀, ó tó ìwọ̀n èékánná. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí lè má rí i. Èmi rí i kí n tó gbé e kúrò lórí tábìlì wọn, wọ́n sì dá 150 dọ́là padà fún mi láìjanpata.

Ohun tó dùn mí jù wáyé lẹ́yìn náà. Lacquer nitrocellulose, irú ọ̀dà dídán kan, ni wọ́n fi parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Ó fúyẹ́, kì í dí igi lẹ́nu bíi polyester nínípọn tí Fender ń lò ní àkókò tí wọ́n ṣe gìtá yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó le, rọ́bà sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Mo gbé gìtá náà kọ́ orí ìdúró oní-rọ́bà tí mo ti ń lò láti ọdún mélòó kan. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, rọ́bà náà ti jẹ ọ̀dà ní ibi méjì, ó fi ojú àpá rírọ̀ sílẹ̀ bí ojú egbò. Lóòótọ́, oníṣẹ́ ọ̀dà ni mí, ó sì yẹ kí n mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún pípẹ́ ni mo ti fi lacquer sílẹ̀ nídìí ọkọ̀, n kò sì rò ó dé ìdúró gìtá. Ilé iṣẹ́ tó bá ń lo irú ọ̀dà yìí gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ náà sínú ìwé, kí wọ́n sì ka á sí oníbàárà létí. Wọn kò sọ ohunkóhun.

Wọ́n tún bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ̀dà náà lójú, kí wọ́n sì fi irin ha á kó lè dà bí ohun tó ti rí ayé, irú èyí tí Fender fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1995 ní orúkọ Relic. Mo dúpẹ́, mo sì kọ̀. Bí ẹni fi ẹfun kun irun orí kó lè jọ arúgbó ni lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ràn ọkọ̀ tó ti dípẹtà pẹ̀lú.

Ti ọrùn kò gùn. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan yíyípo ojú rẹ̀, èyí tó jẹ́ inch 7.25 bíi ti àtijọ́, nítorí ó rọ ọwọ́ mi lọ́rùn nígbà tí mo bá ń di okùn púpọ̀ mú pọ̀. Ohun tí mo fi san án ni pé bí mo bá fa okùn kìíní sókè púpọ̀ láti fret 12 (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọrùn gìtá) lọ, ohùn náà á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni ìyẹn, kì í ṣe tiwọn. Àmọ́ wọ́n fi ihò okùn orí ọrùn sílẹ̀ ga jù, débi pé ohùn fret kìíní máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gbé e padà lórí ọ̀rọ̀ yìí láìtíì tẹ́ mi lọ́rùn. Kílò 4.3 ni gbogbo gìtá náà wọ̀n. Ní òde tó bá kọjá wákàtí mẹ́rin, èjìká mi máa ń ro mí.

Iṣẹ́ wọn gba 1,900 dọ́là: 1,100 fún ọ̀dà, 520 fún pickup àti iná, ìyókù fún fret àti ìtòpọ̀. Bí a bá yọ 150 tí wọ́n dá padà, gìtá yìí ná mi ní 2,600 dọ́là pẹ̀lú iye tí mo kọ́kọ́ rà á. Ẹni tó bá ń ronú pé òun á tà á lọ́la kó má dán an wò, nítorí àwọn oníṣòwò gìtá àtijọ́ sábà máa ń gé iye gìtá sí ìdajì nítorí ọ̀dà tuntun nìkan, ká má tíì sọ ti ihò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi. Ọ̀sẹ̀ 15 ni mo tó gbà á. Àkókò náà bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń múra ọkọ̀ fún Grand National Roadster Show tó máa ń wáyé ní Pomona ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, gìtá sì máa ń sùn lẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gbé tirẹ̀ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì gba ọjọ́ ìparí iṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀.

Bí mo bá tún rí ara igi tí wọ́n ti gbẹ́ bàjẹ́, àwọn ni n ó gbé iná inú rẹ̀ fún láìṣiyèméjì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni n ó kùn ún. Ó jọ pé àwọn náà ti rò ó bẹ́ẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wá fọ́n ọ̀dà sí gìtá mẹ́ta tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí àwọn sì tún ihò okùn àti fret mi ṣe dípò owó. Mo ti gbà. Mo kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n kó gbogbo ìdúró oní-rọ́bà kúrò ní yàrá náà kí n tó dé.